Ọmọ Tó Fowó Ra Ogún Bàbá Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀rọ̀ Donald Campbell ni, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ayára-bí-àṣá sáré, títí eré ọ̀hún fi mú ẹ̀mí rẹ̀ lọ ní 1967. Ẹ má rò pé ikú rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Àwọn tó fẹ́ràn eré yìí ti wo fíìmù ikú yẹn láìmọye ìgbà: ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù gbé imú sókè lórí adágún Coniston nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ta ọ̀kìtì, ó sì fọ́ yángá. Ohun tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ti ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjìdínlógún ṣáájú ọjọ́ náà, àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ a sì máa fi gbólóhùn kan péré kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tí bàbá Donald kú, owó ni Donald fi gba ọkọ̀ bàbá rẹ̀.

Ó rà á, bí ẹni tí kò bá wọn tan.

Òwe kan wà tí a sábà máa ń pa níbi ìsìnkú àgbà: iná kú, ó fi eérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Tìdùnnú-tìdùnnú la fi ń pa á, ojú ọmọ olóògbé la sì máa ń wò bí a bá ń pa á lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó jẹ́ bi ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ léèrè bóyá ibẹ̀ ló wù ú kó hù sí, tàbí ohun tó máa ná an kó tó lè dúró síbi tí ìyá rẹ̀ dúró sí. Ìtàn Donald ló jẹ́ kí n máa ro ìbéèrè náà.

Nọ́ńbà tí bàbá fi sílẹ̀

Mi ò ní pẹ́ lórí Malcolm, bàbá rẹ̀, torí ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ ni. Láàrin 1924 sí 1935, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló di ẹni tó yára jù láyé lórí ilẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ fi mọ́tò sá ju 300 máìlì ní wákàtí kan lọ, ní Bonneville, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1935. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè Sir dá a lọ́lá kó tó dìgbà náà. Nígbà tí ilẹ̀ sú u, ó kọjú sí omi. Ó gba àkọsílẹ̀ eré ojú omi, ìyẹn ipò ẹni tó yára jù láyé lójú omi, lẹ́ẹ̀mejì lórí adágún Maggiore ní 1937, ó tún gbà á lórí adágún Hallwil ní Switzerland ní 1938, ó sì fi ti Coniston, ní 19 August 1939, kádìí rẹ̀. Máìlì 141.74 ní wákàtí kan ni eré ọjọ́ náà, ọkọ̀ tó sì fi sá a ni wọ́n ń pè ní K4. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i tí ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà náà jókòó jẹ́ẹ́, kò sẹ́ni tó ráyè fọwọ́ kàn án.

Blue Bird ni orúkọ gbogbo ọkọ̀ rẹ̀, tilẹ̀ tomi. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1948 ni Malcolm kú, ẹni ọdún 63. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló pa á, kì í ṣe eré. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí ọmọ tó bá rí bàbá rẹ̀ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bá ikú ṣeré, tí ikú ò sì mú un níbi eré, ó lè rò pé bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń parí nìyẹn.

Donald jẹ́ ẹni ọdún 27 lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe. Ibà tó ṣe é ní kékeré tó sì kan ọkàn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọmọ ogun òfuurufú gbà á nígbà ogun. Kò tíì bá ẹnikẹ́ni du àkọsílẹ̀ kankan rí. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa eré, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ló ti dúró wò ó.

Ọjọ́ tí àlejò dé

Àlejò náà ni Goldie Gardner, ọ̀rẹ́ olóògbé, tí òun pàápàá ń fi mọ́tò sáré. Ọ̀rọ̀ tó mú wá ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949 kò gùn. Ó ní Henry Kaiser, olówó ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó kan ọkọ̀ ojú omi rẹpẹtẹ nígbà ogun, ń múra láti gba àkọsílẹ̀ Malcolm.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí mo gbà pé ibí ni gbogbo ìyókù ti ṣẹ̀. K4 kò bọ́ sọ́wọ́ Donald lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wà lára ẹrù olóògbé tí ó di títà. Donald ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ní ìyàwó nílé, ọdún yẹn gan-an sì ni wọ́n bí Gina, ọmọbìnrin rẹ̀. Bí Kaiser bá gba àkọsílẹ̀ náà, kò sí òfin tó máa dá Donald lẹ́bi, kò sì sí aládùúgbò tó máa bi í pé ibo ló wà. Ó lè ka ìròyìn náà nínú ìwé ìròyìn, kó mi orí, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Èèyàn mélòó ló ti jẹ́ kí nọ́ńbà bàbá wọn lọ bẹ́ẹ̀!

Ó yàn láti gbèjà rẹ̀. Mo ti yí èyí sọ́tùn-ún sósì lọ́kàn, ibi kan náà ló ṣì ń mú mi lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí Donald lè gbà dá Kaiser dúró ni kí òun fúnra rẹ̀ sá ju 141.74 lọ. Ìyẹn ni pé kí orúkọ bàbá má bàa kúrò nínú ìwé lọ́wọ́ àjèjì, ọmọ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Mi ò mọ irú ìbọ̀wọ̀ fún bàbá mìíràn tó rí báyìí. Àwọn kan ti fi ìlara ṣàlàyé rẹ̀: wọ́n ní ọmọ tó dàgbà sábẹ́ òjìji ẹni ńlá ń wá ọ̀nà láti bọ́ síta. Bóyá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jowú bàbá rẹ̀ kì í sábà fowó ra ọkọ̀ àtijọ́ bàbá náà, á kan tuntun tirẹ̀ ni. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ gbèsè ló wà níbẹ̀. Ọmọ náà gbà pé òun jẹ orúkọ yẹn ní nǹkan, owó tó sì san lórí K4 jẹ́ sísan àkọ́kọ́ nínú ọ̀pọ̀.

Leo

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni Donald jogún ní ti tòótọ́, màá ní Leo Villa ni. Mẹkáníìkì ni Leo, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti ń bá Malcolm ṣiṣẹ́ láti 1922, nígbà tí Donald ò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Gbogbo àkọsílẹ̀ tí Malcolm gbà, ọwọ́ Leo wà nínú rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù náà ni Donald lọ bá a lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àlejò, ó bi í bóyá ó máa bá òun lọ. Leo gbà. Kò sì kúrò lẹ́yìn rẹ̀ títí di ọjọ́ tí adágún gbé ọmọ náà mì. Donald a máa pè é bí èèyàn ṣe ń pe àbúrò bàbá rẹ̀.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ni K4, owó lè rà á. Àkísà wà lọ́wọ́ Leo: ó mọ ohùn tí ẹ́ńjìnnì máa ń ní kó tó bàjẹ́, ó mọ irú omi tí wọn kì í sáré lé lórí, ó mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n palẹ̀ mọ́ kí wọ́n sì máa lọ sílé. Ìwé ìhágún kankan kò lè pín irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn pé, nínú gbogbo ogún Malcolm, eléyìí ni Donald gbà láìsan kọ́bọ̀.

Malcolm ti yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ K4 kúrò kó tó kú, ó sì ti fi ti jẹ́ẹ̀tì sí i, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò gbà á. Leo àti Donald dá ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce àtijọ́ padà sínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ òfuurufú eléré, wọ́n sì gbé e lọ sí Coniston ní 1949. Eré náà kò tó. Wọ́n padà wá ní 1950. Àárín ìyẹn ni ìròyìn dé láti Seattle: ní 26 June, Stanley Sayres ti fi ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Slo-mo-shun IV sá máìlì 160.32 ní wákàtí kan.

Kaiser tí wọ́n tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò tilẹ̀ gbà á. Ẹlòmíràn tí wọn ò ṣọ́ ló gbà á, ó sì fi máìlì bíi 18 là á kọjá. Nọ́ńbà tí Donald wá ṣọ́ ti lọ, ọmọ ò sì tíì débẹ̀. Bó bá jẹ́ nítorí orúkọ bàbá nìkan ni, iṣẹ́ ti parí lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì ní bú u bó bá padà sílé.

Kò padà. Wọ́n wádìí ohun tó mú kí ọkọ̀ ará Amẹ́ríkà yára tó bẹ́ẹ̀, ó sì yé wọn. Abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn, ìdajì rẹ̀ ló wà lókè omi nígbà tí ọkọ̀ bá ti mú eré. Ìdí ọkọ̀ á gbéra, omi ò ní rí ibi púpọ̀ dì mú mọ́. Wọ́n tú K4 ká, wọ́n tún un ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1951 ó gba ife ẹ̀yẹ Oltranza lórí adágún Garda ní Ítálì. Kó tó di ìparí ọdún náà, ó ń sáré bíi máìlì 170 lórí Coniston nígbà tí ara rẹ̀ já, ó sì rì.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Nọ́ńbà bàbá ti lọ. Ọkọ̀ bàbá ti lọ, tòun ti owó tí ọmọ san lé e lórí. Kò sí ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ Donald ju orúkọ àti Leo lọ. Ní September 1952, John Cobb, ẹni tó ní àkọsílẹ̀ eré orí ilẹ̀ nígbà náà, kú lórí Loch Ness ní Scotland nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ tú ká lórí eré tó ju máìlì 200 lọ. Ìlẹ̀kùn àbájáde ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọkọ̀ tuntun ni Donald ní kí wọ́n yàwòrán rẹ̀ fún òun.

Ẹni tó ń fi díẹ̀díẹ̀ san

Ken àti Lew Norris, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ló yàwòrán ọkọ̀ náà. K7 ni wọ́n pè é. Irin ni ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì ló sì ń tì í. Ní 23 July 1955, lórí adágún Ullswater, ó sá máìlì 202.32. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbà pé 200 jẹ́ ògiri tí ọkọ̀ ojú omi ò lè gbà kọjá, pàápàá lẹ́yìn ikú Cobb. Donald fi máìlì 60 ju bàbá rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Bó bá jẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń lé, ọjọ́ yẹn ló yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba àlàyé àwọn tó ń fi Malcolm ṣe ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè nípa Donald. Àlàyé náà rọrùn jù. Bàbá ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà, òótọ́ ni. Ohun tó mú un dúró sínú ilé, owó wà nínú rẹ̀.

Billy Butlin, ọkùnrin tó ni àwọn ibùdó ìsinmi etíkun káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣèlérí £5,000 lọ́dọọdún fún ọmọ ilẹ̀ náà tó bá gba àkọsílẹ̀ eré ojú omi. Ẹ wá wo bí nọ́ńbà Donald ṣe gùn: 216.20 ní Lake Mead ní Amẹ́ríkà kí 1955 tó parí, 225.63 ní 1956, 239.07 ní 1957, 248.62 ní 1958, 260.35 ní 1959. Máìlì mẹ́wàá, méjìlá, mẹ́tàlá. Kò fò, ó ń gun àtẹ̀gùn ni. Oníṣirò kékeré lè rí i pé ẹni tó bá gbé nọ́ńbà sókè jù lọ́dún yìí ti ba ọjà ọdún tó ń bọ̀ jẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ wo ti 1956 dáadáa. Òfin eré yìí ni pé àlọ àti àbọ̀ ló máa ń jẹ́, lórí ibi kan náà tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀, láàrin wákàtí kan. Wọ́n á ro méjèèjì pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì. Ní 19 September 1956, ní Coniston, Donald lọ ní máìlì 286.78. Kò sí ọkọ̀ ojú omi tó tíì súnmọ́ irú eré bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó máa padà, ó padà ní 164.48.

Àlọ 286, àbọ̀ 164! Bí ẹ bá pín in, ẹ óò rí 225.63, èyí tó tó láti gba àkọsílẹ̀ àti owó Butlin. Àwọn kan ní ohun tó rí lójú àlọ ló dẹ́rù bà á. Ó ṣeé ṣe, ta ni ò ní bà? Ṣùgbọ́n mi ò ka àbọ̀ yẹn sí ojo rárá. Nínú gbogbo eré tí Donald sá láyé rẹ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ọkùnrin kan ti mọ ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ lè ṣe, ó ti mọ iye tí òun nílò, ó sì fi ẹ̀sọ̀ wálé. Leo wà létí omi, èèyàn kan ò kú.

Máìlì 255

Lẹ́yìn 1959, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú. Donald fẹ́ gba ti ilẹ̀ náà, bíi ti bàbá. Mọ́tò tuntun tí wọ́n kàn fún un gbókìtì ní Bonneville ní 1960, agbárí rẹ̀ sì sán. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ló tó gba àkọsílẹ̀ orí ilẹ̀, máìlì 403.10, lórí adágún gbígbẹ Eyre ní Australia, ní July 1964. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún yẹn, ó gba ti omi, 276.33, lórí adágún Dumbleyung. Kò sí ẹlòmíràn tó tíì gba méjèèjì nínú ọdún kan náà, títí di òní.

Àmọ́ ayé ti kọjá lára rẹ̀. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti ń fi mọ́tò onijẹ́ẹ̀tì sáré lórí ilẹ̀ iyọ̀ Bonneville. Craig Breedlove ti kọjá máìlì 600 kí 1965 tó parí. Donald fẹ́ kan mọ́tò tó máa yára ju ìró lọ, kò sì rí onígbọ̀wọ́. Ìdí nìyí tó fi gbé K7 jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkọ̀ náà ti lé ní ọdún mọ́kànlá. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju ti àtijọ́ lọ sí i, wọ́n sì gbé e lọ sí Coniston nígbà òtútù 1966. Ó fẹ́ káyé rí i pé òun ṣì wà. Ojú ọjọ́ ò dára, àwọn akọ̀ròyìn jókòó tì í, wọ́n ń retí, ó ń sú wọn.

Ní òwúrọ̀ 4 January 1967, ó lọ ní máìlì 297.6.

Mo gbé ìwé àti bírò, mo ṣírò rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí Donald fẹ́ borí jẹ́ tirẹ̀, 276.33. Pẹ̀lú àlọ 297.6, àbọ̀ tó bá ti fi díẹ̀ ju 255 lọ ti tó. Ọkọ̀ yẹn ti sá jù bẹ́ẹ̀ lọ láìmọye ìgbà. Ó lè dúró kí omi parọ́rọ́, kó gba epo, kó mu tíì pàápàá. Wákàtí kan gbáko ni òfin fún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 300 ló wà lọ́kàn rẹ̀, kí akọ̀ròyìn lè fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, àbọ̀ gbọ́dọ̀ ju 302.4 lọ. Nọ́ńbà méjèèjì yìí ni mo gbé kalẹ̀ síwájú mi tí mo ń wò.

Donald ò dúró gba epo. Ó yí imú ọkọ̀ padà lójú ẹsẹ̀, ó sì kọjú sí omi tí ọkọ̀ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rú. Eré rẹ̀ ti kọjá 320 kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ọkọ̀ irú èyí kì í wọ inú omi. Orí ibi mẹ́ta péré ló ń fẹsẹ̀ rọra lé. Bí imú bá fi díẹ̀ gbéra ju bó ti yẹ lọ, afẹ́fẹ́ á wọ abẹ́ rẹ̀, á sì sọ ọ́ di ohun tó ń fò. Àwọn ẹnjiníà ṣì ń jiyàn bóyá ìgbì àlọ ló fà á, tàbí ẹ́ńjìnnì tó kú lójijì tí agbára tó ń tẹ imú mọ́lẹ̀ sì bá a lọ. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹni ọdún 45 ni, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ títí di 2001.

Mo mọ̀ pé àwọn tó gba tirẹ̀ máa ń bínú bí wọ́n bá gbọ́ pé kò dúró. Wọ́n ní akíkanjú kì í ṣírò. Irọ́ ni. Donald ṣírò ní 1956, ìṣirò rẹ̀ ò sì dín akíkanjú rẹ̀ kù. Ohun tó yí padà láàrin 164 àti 320 ni pé ní 1956, ẹni kan wà tó máa sanwó fún àkọsílẹ̀ kékeré. Ní 1967, àkọsílẹ̀ kékeré ò lè ra ohunkóhun fún un mọ́. Gbèsè tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ní 1949 ti ga ju ohun tí máìlì mẹ́wàá mẹ́wàá lè san lọ.

Ta ló wá ni ọkọ̀?

Gina jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí ìròyìn ikú bàbá rẹ̀ dé bá a. Ní 1984, òun náà bọ́ sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bluebird, ó sì di obìnrin tó yára jù láyé lójú omi, ní Nottingham, máìlì 122.85. Ọkọ̀ tirẹ̀ náà dojú dé níbẹ̀, ó yè. Ó tún padà sórí omi ní New Zealand ní 1990, ó sì gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè sí i. Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ lórí èyí. Bí mo bá ní ọmọ tó rí ohun tí Gina rí, màá fi okùn dè é mọ́lé ni. (Ẹlòmíràn wà nínú ìdílé náà, Don Wales, ọmọ arábìnrin Donald, tó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko gba àkọsílẹ̀ eré ní 2010, létíkun Pendine tí Malcolm ti sáré. Ìyẹn ni mo lè fọwọ́ sí.)

Ṣùgbọ́n Gina ṣe nǹkan kan tó wọ̀ mí lọ́kàn ju eré lọ. Ní March 2001, Bill Smith, òmùwẹ̀ tó tún jẹ́ ẹnjiníà, fa àfọ́kù K7 jáde kúrò nínú Coniston. Wọ́n rí òkú Donald lẹ́yìn náà, wọ́n sì sin ín sí abúlé Coniston ní September. Kí ló yẹ kí ìdílé ṣe sí irin tó pa bàbá wọn? Wọn ò tà á. Ní 2006 wọ́n fi ta Ruskin Museum lọ́rẹ, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tó wà lábúlé náà gan-an. Bill Smith àtàwọn tó yọ̀ǹda ara wọn tẹ̀ lé e fi ọ̀pọ̀ ọdún tún un kàn láìgbowó, títí ó fi padà sáré lórí omi, ní Loch Fad ní Scotland, ní August 2018.

Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀. Irin àtijọ́ jẹ́ ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sí ìjiyàn níbẹ̀. Èyí tí àwọn oníṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ńkọ́? Ẹni tó fi òógùn rẹ̀ jí òkú ọkọ̀ dìde, kò ha ní ìpín níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà di ti lọ́yà, ó sì pẹ́ kó tó yanjú. Ní March 2024 ni K7 tó padà dé Coniston. Lójú òfin, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé jàre, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo ro ti Leo, tó fi ọdún márùndínláàádọ́ta ṣiṣẹ́ fún bàbá àti ọmọ, tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára ọkọ̀ kankan.

Bàbá tó ń bá ọmọ kan ọkọ̀

Ìdílé mìíràn wà tí mo máa ń fi tẹ̀gbẹ́ àwọn Campbell. Ken Warby, ọmọ Australia tó fi Donald ṣe àwòkọ́ṣe láti kékeré, kan ọkọ̀ onígi kan ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Sydney, ó sì fi ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì àlòkù tí àwọn ológun ń tà lówó pọ́ọ́kú sí i. Kò ní bàbá olókìkí, kò ní Butlin. Ní 8 October 1978, lórí adágún Blowering, ó sá máìlì 317.6. Àkọsílẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Lee Taylor ní 1980 àti Craig Arfons ní 1989, gbìyànjú láti gbà á. Méjèèjì ló kú sí i.

Dave, ọmọ Ken, sì fẹ́ gbà á. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Ken fúnra rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà. Títí tí Ken fi kú ní 2023, òun àti ọmọ jọ wà lórí ọkọ̀ tuntun, tí Dave sì ń wà á. Bàbá ń bá ọmọ di bóòtù ọkọ̀ tó máa pa orúkọ òun rẹ́ nínú ìwé. Kò sí ẹrù olóògbé tí ẹnikẹ́ni ní láti lọ rà, àkísà àti aṣọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, àgbà tó ní wọn sì wà láàyè láti sọ pé, "Rárá, má ṣe é báyẹn."

Ìyẹn ò sọ omi di rírọ̀ fún Dave o. Mi ò mọ bóyá á sá ju 317.6 lọ, mi ò sì ní parọ́ pé mo fẹ́ kó gbìyànjú rẹ̀. Bó bá máa gbìyànjú ṣá, tí àlọ rẹ̀ bá dára, kó mú bírò, kó ṣírò iye tí àbọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ gan-an, kó tó yí imú ọkọ̀ padà.